Ọmọ Tó Ní Ọjọ́ Ìbí Méjì

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Kíkà: 2 Tímótì 2:1-7, Lúùkù 16:10-12

Ti òní máa gùn díẹ̀ ju bí a ṣe máa ń ṣe é lọ. Ẹni tó bá ń kánjú lọ sóko, tàbí tó ń sáré kó ẹrù ọjà sí mọ́tò, kó tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù di alẹ́. Ẹ ṣáà kà á, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Bí oòrùn bá ti rọ̀ ní Ìgbàjà yìí, ẹ mọ ibi tí àwọn ọmọ wa máa ń wà. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, mọ́ńkì póòsì ti délẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan wọ bóòtù, ìkejì wọ sálúbàtà, àwọn tó pọ̀ jù wà lẹ́sẹ̀ lásán. Àgbàlagbà kan á kọjá, á ní, “Ẹ ò ní lọ kàwé yín!” Òmíràn á dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, á máa pariwo bí ẹni pé òun ni kóòṣì. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi láàárọ̀ yìí kò le púpọ̀ láti bi, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ le: àwọn tó ń sọ pé eré ìdárayá máa ń kọ́ ọmọ ní ojúṣe, pé ó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ayé, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé èrè tó wà nínú eré ìdárayá kéré. Àwọn kan nínú wa ti fi ọ̀rọ̀ yẹn lé ọmọ kúrò lórí pápá. Ṣùgbọ́n kékeré kì í ṣe òfo. Ẹni tó bá sì ka lẹ́tà kejì dé orí kejì, á rí i pé Pọ́ọ̀lù kan náà ló tún fi eléré ìje ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́: kò sí adé fún ẹni tó bá tẹ òfin eré mọ́lẹ̀.

Èrò tèmi rèé. Pápá fúnra rẹ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí àgbàlagbà bá gbé wá síbẹ̀ ni ọmọ máa ń kó lọ sílé. Bí a bá gbé òótọ́ wá, òótọ́ ni yóò kó lọ. Bí a bá gbé irọ́ wá, á mọ irọ́ náà gbá ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọdún kan péré nínú ìtàn bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1989, ní ìlú Dammam ní Saudi Arabia, àwọn ọ̀dọ́ wa ń bá àwọn ọ̀dọ́ Soviet Union gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje àgbáyé. Góòlù mẹ́rin ni àwọn ará ibẹ̀ yẹn ti jẹ, àwa kò ní ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú ọgọ́ta ti kọjá. Ẹlòmíràn ti pa rédíò rẹ̀, ó ti lọ sùn. Láàárín ìdajì wákàtí tó kù, àwọn ọmọ náà dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi di mẹ́rin sí mẹ́rin, wọ́n sì borí nígbà tí wọ́n gbá pẹnárítì, márùn-ún sí mẹ́ta. Títí dòní, “iṣẹ́ ìyanu Dammam” ni a ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ̀rí pé eré lè kọ́ ọmọ láti má ṣe sọ̀rètí nù, láti máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ojú ti ń tini, kó má wá a lọ síbi tó jìnnà.

Ọdún 1989 yẹn kan náà ni FIFA fòfin de gbogbo ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà fún ọdún méjì. Kí ló fà á? Wọ́n rí i pé ọjọ́ ìbí mẹ́ta nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tó lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì 1988 kò bá èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà ìdíje tó ṣáájú mu. Àwa ló yẹ kó gbàlejò ìdíje ọ̀dọ́ àgbáyé ní 1991. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e fún Portugal, Portugal sì gba ife náà nílé ara wọn. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn pé gan-an ní ọdún 1990, tí ìwé wọn mọ́, tí wọn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwọn náà jókòó sílé.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ta ló kọ ọjọ́ ìbí èké sílẹ̀? Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ gba ìwé ọjọ́ orí ní ilé ẹjọ́, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń búra. Kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí sí ìbí ara rẹ̀. Bàbá, ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù ú lọ dáadáa ni wọ́n máa ní kó wá búra pé, “Mo wà níbẹ̀, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i.” Nítorí náà, bí irọ́ bá wọ ibẹ̀, àgbàlagbà ló kọ́kọ́ pa á. Ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń fi orúkọ Ọlọ́run búra. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ogún kóòṣì kò lè yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀.

Mo mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti dá Kwara Football Academy sílẹ̀ ní Ìlọrin ní 2005, ọ̀pọ̀ ọmọ ní àwọn ìlú wa ti rí i pé èèyàn lè kàwé kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù pọ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan á wá sílé ní alẹ́, á ní òun ní ẹni tí òun mọ̀, pé ẹsẹ̀ ọmọ yín dára o, àmọ́ ọdún 20 ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká fi í sí 16. Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Wọ́n tiẹ̀ ti fún un lórúkọ, “ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù”, bí ẹni pé ọjọ́ orí jẹ́ oríṣi méjì tí èèyàn lè mú èyí tó bá wù ú.

Kí n má parọ́, mi ò fojú kékeré wo àwíjàre àwọn òbí kan. Ìyá kan lè sọ pé, “Ọmọ mi ti pé ọdún 9 kó tó wọ ilé-ìwé nítorí kò sówó. Àrùn dá a dúró ní ọdún kan. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ jẹ òmíràn. Ọdún mẹ́rin tí mo yọ yìí, ayé ló jẹ mí ní gbèsè rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọni lára. Òṣì kì í jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ẹni tó ń san gbèsè yẹn. Kì í ṣe ayé. Ọmọ ọdún 16 kan ni, bóyá ní Òmùpo, bóyá ní Òkè-Ọdẹ, tí ìyá tirẹ̀ náà kò lówó, tó jáde lọ síbi ìdánwò bọ́ọ̀lù, tó wá bá géńdé ọdún 20 tó ní òun jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Géńdé yẹn fi èjìká gbá a dànù lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ọmọ náà á gbà gbọ́ títí ayé rẹ̀ pé òun kò mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Ẹ sì wo ọmọ tiwa tí irọ́ náà gbè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé, “Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?” ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú ẹni tó ń bi í. Bí àbúrò rẹ̀ bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n á kà á, wọ́n á rí i pé àbúrò ti ṣáájú ẹ̀gbọ́n dé ayé. Kò lè mú ọ̀rẹ́ wá sílé kí ìyá àgbà má lọ sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an. Ojúṣe, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ni pé bí wọ́n bá pè ọ́, o lè dáhùn pé èmi nìyí, èmi ni mo ṣe é. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kó má sọ òótọ́ nípa ọjọ́ tó wá sáyé, níbo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Irọ́ náà kò tiẹ̀ tún pẹ́ mọ́. Láti ìdíje àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 17 tí Nàìjíríà gbàlejò rẹ̀ ní 2009, FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Egungun ọmọdé ní àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan nítòsí ìpẹ̀kun rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gùn sí i. Bí èèyàn ṣe ń di géńdé, àlàfo náà ń pa dé. Bó bá ti pa dé tán, ìwé ilé ẹjọ́ kò lè là á. Ní 2016, nígbà tí àwọn Golden Eaglets ń múra láti bá Niger gbá, ọmọ 26 ni àyẹ̀wò yìí lé kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń ronú nípa ìrìn àwọn ọmọ 26 yẹn padà sílé. Kí ni wọ́n sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn? Kí ni àwọn òbí wọn sọ fún wọn?

Àwọn akọ̀wé ìjọ wa, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí a kó ọmọ jáde wà nínú ìwé ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kẹ́ ẹ bá òun tún un kọ, kódà kó jẹ́ alàgbà, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un ní gègé.

Ó dáa. Bí a kò bá gbé irọ́ wá, kí la fẹ́ gbé wá? Púpọ̀ nínú wa rò pé bí a bá ti ra jẹ́sì àti bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, tí a gbàdúrà sí i, iṣẹ́ ti parí. Jẹ́sì kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ohun tó ń kọ́ ọ ni kí nǹkan kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá gbàgbé rẹ̀, nǹkan á bàjẹ́ lóòótọ́. Ta ló ń tọ́jú bọ́ọ̀lù? Ta ló ń fọ jẹ́sì, tó sì ń kà á kó pé kó tó dì í sínú àpò? Ta ló ń da eérú sílẹ̀ láti fi sàmì pápá? Nígbà tí ọ̀kan bá fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, ta ló máa sìn ín délé, tó máa dúró níwájú ìyá rẹ̀, tó máa ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀? Ẹ fún ọmọ ọdún 12 ní iṣẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì fi í lé e lọ́wọ́ pátápátá. Lọ́jọ́ tó bá gbàgbé pọ́ọ̀mpù sílé, tí bọ́ọ̀lù rọ̀, ẹ má sáré lọ ra òmíràn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jókòó. Ó máa ń dùn wá láti wo ọmọ tó ń sunkún, ọwọ́ wa á sì ti wà lápò. Ẹ ní sùúrù. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún fún un ní pọ́ọ̀mpù náà. Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ kóòṣì kì í lè ṣe: wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e fún ọmọ tó gbọ́n jù, ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ náà á sì pàdánù rẹ̀.

Ní ìlú Nairobi ní Kẹ́ńyà, ní àdúgbò Mathare tí òṣì pọ̀ sí, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1987 tó ń jẹ́ Mathare Youth Sports Association. Òfin wọn kan wù mí púpọ̀. Ikọ̀ tó bá jáde lọ kó ìdọ̀tí, tó la gọ́tà àdúgbò, ó ń gba póìǹtì sí líìgì, a ó fi kún èyí tó fi ẹsẹ̀ gbà. Nítorí náà, ẹ lè mọ bọ́ọ̀lù gbá gan-an, kí àwọn tó gbá ṣọ́bìrì jù yín lọ ṣáájú yín lórí tébù. Mo ti ń rò ó bí yóò ṣe rí bí a bá ṣe é láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní agbègbè Ìgbómìnà. Ẹ̀yin adarí ọ̀dọ́, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin yàtọ̀. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin ń lọ sórí pápá, ẹ wo ibi tí àwọn arábìnrin wọn wà: ìdí ẹ̀rọ omi, ìdí ààrò, àbúrò lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi eré kọ́ ọmọbìnrin ọdún 13 ní ojúṣe, kò tíì wo inú ilé wa dáadáa. Ojúṣe ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tí pápá lè fún un ni wákàtí kan tó jẹ́ tirẹ̀, níbi tó ti lè sáré, tó lè kígbe, tó lè fìdí rẹmi láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pè é wá fọ abọ́. Asisat Oshoala tó wá láti Ìkòròdú, àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rárá, ìwé ni wọ́n fẹ́ kó kà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti di agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Mi ò sọ pé kí gbogbo ọmọbìnrin wa di Oshoala. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àwọn ọmọkùnrin pọn omi kí wọ́n tó lọ sórí pápá.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mi ò lè fò. Láti ibí sí Ìrá kò jìnnà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Rashidi Yekini sí ní oṣù karùn-ún 2012. Ọ̀pọ̀ nínú wa, Mùsùlùmí àti Kristẹni, la jọ fò sókè ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994 nígbà tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje ife àgbáyé, tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n Bulgaria, tó ń ké. Góòlù 37 ló jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 58. Ẹni ọdún 48 péré ni nígbà tó kú, lẹ́yìn ọdún mélòó kan tó fi dá wà ní Ìbàdàn. Mi ò dá olóògbé lẹ́jọ́; akọni ni. Àwa tí a pàtẹ́wọ́ ni mò ń bi. Gbogbo ìlú ló mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mélòó ló mọ ọ̀nà ilé rẹ̀? Bí a bá ń sọ pé eré ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé ayé, ó yẹ kí ọmọ kọ́ lórí pápá bí a ṣe ń sọ pé, “Ara mi kò yá, ẹ gbà mí,” láìsí ẹni tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sì yẹ kí àwọn yòókù kọ́ bí a ṣe ń padà lọ wo ẹni tí kò wá sórí pápá lánàá.

Mo fẹ́ fi ti Eric Liddell kún un, nítorí àríyànjiyàn tó máa ń wáyé láàárín wa lórí eré ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ Scotland ni, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ míṣọ́nnárì ní Ṣáínà. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris ní 1924, ó kọ̀ láti sá eré 100 mítà nítorí pé ọjọ́ Àìkú ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ bọ́ sí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú sí i, kò yí padà. Ó wá sá 400 mítà, ó sì gba góòlù. Ẹ̀yin míṣọ́nnárì àtijọ́ ti fi ìtàn yìí kọ́ àwọn bàbá wa, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni ti ìparí rẹ̀. Ó padà lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Ṣáínà. Nígbà ogun, àwọn Jàpáánì kó òun àti ọ̀pọ̀ àlejò mìíràn sí àgọ́ kan ní Weihsien. Àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀ tí àwọn òbí wọn kò sí lọ́dọ̀ wọn. Liddell ló ń kọ́ wọn ní ìwé, òun ló ń tún àwọn igi họ́kì wọn ṣe, òun ni rẹfirí wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, kò sí eré. Àwọn ọmọ náà kò gbà. Wọ́n lọ gbá họ́kì fúnra wọn lọ́jọ́ Àìkú kan, kò sí rẹfirí, ó sì di ìjà. Liddell ronú sí i. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó jáde lọ sórí pápá pẹ̀lú fèrè rẹ̀.

Ọkùnrin tí kò sáré lọ́jọ́ Àìkú nítorí góòlù tirẹ̀, ó dúró lọ́jọ́ Àìkú kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ má baà lu ara wọn. Àwọn kan á ní ó yẹ̀ lórí ìlànà rẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, òun nìkan ni ìpinnu náà ná ní nǹkan. Nígbà kejì, bó bá jókòó sínú yàrá, àwọn ọmọ ló máa san án. Ó kú nínú àgọ́ náà ní ọjọ́ 21 oṣù kejì 1945, ẹni ọdún 43, kí ogun tó parí.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ọmọ wa máa wà lórí pápá, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù náà á ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí pápá kò bá gbà, a ó máa kọ́ wọn níbẹ̀ pé èèyàn lè jèrè nínú òógùn ẹlòmíràn. Alàgbà wo ló máa jáde pẹ̀lú fèrè?

Àdúrà: Olúwa, rántí àwọn òbí tí wọ́n fẹ́ lọ búra nílé ẹjọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Àmín.